Mọ́tò Tí A Ń Gbẹ́sẹ̀ Fún

Àdán ni mo ń pe mọ́tò náà, nítorí kò ṣe eku, kò sì ṣe ẹyẹ. De Soto ọdún 1949 ni, aláwọ̀ ewé ṣíṣú, ti Lavern Huebner tó ń gbé lórí òkè lẹ́bàá wa. Mọ́tò tí awakọ̀ ń fọwọ́ yí jíà rẹ̀, mo mọ̀ ọ́n dunjú. Mo fi ọ̀kan gbé àwọn ọmọ iléèwé káàkiri àgbègbè wa ní Wisconsin títí mo fi fẹ̀yìn tì, ọwọ́ ọ̀tún mi àti ẹsẹ̀ òsì mi ló sì ṣe gbogbo iṣẹ́ náà. Mọ́tò tó ń yí jíà fúnra rẹ̀, mo mọ ìyẹn náà. Doreen ìyàwó mi ní ọ̀kan, kò sì sí ọgbọ́n kankan nínú wíwà á. Ṣùgbọ́n De Soto yìí dúró sí àárín méjèèjì, kò sì tijú. Ó ní kílọ́ọ̀ṣì, ẹ kì í sì í sábà tẹ̀ ẹ́. Ó ń yí jíà fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní yí i títí ẹ óò fi kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́.

Lavern sọ pé nígbà tí bàbá òun lọ rà á, ọkùnrin tó ń ta mọ́tò búra pé wàhálà kílọ́ọ̀ṣì ti parí láyé. Bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ sítíárìn, ó sì rí kílọ́ọ̀ṣì níbẹ̀ gbangba. Ó ní, "Èyí wá ńkọ́?" Ọkùnrin náà ní, "Ìyẹn wà fún àwọn tí kò tíì gbà gbọ́." Bàbá rẹ̀ san owó lójú ẹsẹ̀. Bí àwọn Huebner ṣe rí nìyẹn, ọ̀rọ̀ dídùn kì í kọjá lórí wọn lásán.

Lavern ti lé ní ọgọ́rin ọdún dáadáa. Iṣẹ́ wàràkàṣì ló ṣe láyé rẹ̀, apá rẹ̀ ṣì tóbi síbẹ̀. Bernice ìyàwó rẹ̀ ti kú, ó sì ń dá gbé nínú ilé tí wọ́n bí i sí. Mọ́tò méjì ló ní. De Soto wà fún ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí lọ́dọ̀ wa, ní ọjọ́ tí ìjọba bá kọ́kọ́ da iyọ̀ sójú títì kí yìnyín ibẹ̀ lè yọ́, kò sí ẹni tó fẹ́ràn mọ́tò àtijọ́ rẹ̀ tó máa gbé e jáde mọ́ títí òjò yóò fi fọ iyọ̀ náà lọ. Iyọ̀ ń jẹ irin bí ikán ṣe ń jẹ igi. Mọ́tò kejì jẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tuntun, tó ní gbogbo ohun tí ọmọ aráyé ti ronú kàn. Rhonda ọmọ rẹ̀ obìnrin ló rà á fún un kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀ ní Madison tó ń gbé. Ìyá àgbà ni Rhonda fúnra rẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n ọmọ kékeré ló máa jẹ́ lójú mi títí láé, nítorí mo gbé e lọ síléèwé.

Ní òpin oṣù Karùn-ún, ní ọjọ́ tí a máa ń gbé òdòdó lọ sí itẹ́ òkú, Rhonda wá láti Madison, bàbá rẹ̀ sì fi De Soto gbé e lọ sí ojú oórì Bernice. Nígbà tí wọ́n padà dé, Rhonda gba inú pápá wá sí ilé wa. Doreen gé páì fún un, ó gbé kọfí kalẹ̀. Rhonda kò fọwọ́ kan ìkankan.

Ó ní, "Bọ̀dá Harlan, orí Dádì ti ń dàrú."

"Orí Lavern? Òkúta nìyẹn. Kí ni òkúta fẹ́ fi dàrú?"

"Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo fojú ara mi rí i. A wà lórí títì, a ń lọ jẹ́jẹ́. Ṣàdédé ni wọ́n gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́rótù. Kò sí màlúù níwájú wa, kò sí àgbọ̀nrín. Wọ́n kàn gbẹ́sẹ̀ ni, wọ́n gbórí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ sí létí. Mo ní, 'Dádì, kí lẹ̀ ń gbọ́?' Wọ́n ní kí n dákẹ́ ná. Nígbà tó yá wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, 'Ó ti gbà.' Àti pé kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan o. Gbogbo ìgbà tá a bá dúró tá a tún gbéra ni."

Doreen wò mí. Mo wo páì.

"Ó kù?" ni mo wí.

"Ó kù. A dé oríta, wọ́n tẹ bíréèkì, wọn ò tiẹ̀ fẹsẹ̀ kan kílọ́ọ̀ṣì. Àwọn fúnra wọn ló kọ́ mi ní mọ́tò. Mo pariwo, mo ní, 'Dádì, kílọ́ọ̀ṣì!' Wọ́n ní kí n fọkàn balẹ̀, pé mọ́tò náà mọ ohun tó ń ṣe. Ìgbà tá a wá dé itẹ́, kí wọ́n tó wo ojú oórì Mọ́mì rárá, wọ́n ṣí búùtù, wọ́n gbé igi méjì jáde, wọ́n fi há táyà. Níwájú pásítọ̀, Bọ̀dá Harlan. Bí ẹni tó ń so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀."

Mo ti fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n omi ti dé ojú rẹ̀. Ó ní òun ti bá ilé àwọn arúgbó kan sọ̀rọ̀ ní Madison, yàrá kan yóò ṣí sílẹ̀ nínú oṣù Kẹsàn-án. Kọ́kọ́rọ́ De Soto lòun máa gbà lónìí. Ti ọkọ̀ tuntun, wọ́n lè máa wà á títí oṣù Kẹsàn-án yóò fi dé, nítorí ìyẹn kò léwu, nǹkan kékeré kan kì í ṣẹlẹ̀ kó má ké.

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Kò sí bọ́ọ̀sì lórí òkè wa. Ilé ìtajà tó sún mọ́ wa jù, ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn lọ yóò sun ibẹ̀ kó tó bọ̀. Ẹni tí wọ́n bá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níbí, ilé rẹ̀ ni wọ́n gbà. Lavern kò sì lè gbé inú yàrá kan ní Madison. Yóò kú síbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò kú pẹ̀lú ìwà pẹ̀lẹ́.

Mo kó abọ́ méjì lórí tábìlì, mo dojú wọn kọra.

"Wò ó, Rhonda. Fáànù kan wà nínú abọ́ yìí, òmíràn wà nínú ìkejì. Wọ́n dojú kọra, wọn ò fara kanra. Wọ́n dé àwọn méjèèjì mọ́ inú ìkòkò irin tí ọ́ìlì kún inú ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ló ń yí fáànù àkọ́kọ́. Bí ìyẹn ṣe ń yí, ó ń da ọ́ìlì lu ìkejì, ìkejì náà á bẹ̀rẹ̀ sí í yí, òun ló ń yí táyà. Bí dádì ẹ bá wá tẹ bíréèkì, fáànù kejì á dúró, ti àkọ́kọ́ á máa yí lọ nínú ọ́ìlì tiẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ò ní kú. Kí ló wá fẹ́ fi kílọ́ọ̀ṣì ṣe ní oríta?"

"Àti ẹsẹ̀ tí wọ́n ń gbé?"

"Jíà kẹta ni mọ́tò yẹn fi ń gbéra. Tó bá ti sáré díẹ̀, ìkẹrin ti ṣe tán láti gbà á, ṣùgbọ́n irin ò lè bọ́ sínú irin nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń tì í. Ó fẹ́ kó o gbẹ́sẹ̀, kára ẹ̀ lè rọ̀. Tára ẹ̀ bá ti rọ̀, á bọ́ sí ìkẹrin fúnra ẹ̀, wàá gbọ́ ọ lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ: kọ́ú. Ohun tí dádì ẹ ń tẹ́tí sí nìyẹn. Tó ò bá gbẹ́sẹ̀, jíà kẹta lo máa bá dé Chicago."

"Igi ńkọ́?"

"Ọ́ìlì ò lè di nǹkan mú. Mọ́tò tèmi, mo lè fi í sí jíà kí n pa á sórí òkè, ẹ́ńjìnnì á di táyà mú. Ti Àdán, o fi í sí jíà o pa á, táyà á máa yí fáànù jẹ́jẹ́ nínú ọ́ìlì, mọ́tò á lọ síbi tó bá wù ú. Bíréèkì ọwọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ ó ti dàgbà ju ohun tá a lè gbẹ́kẹ̀ lé."

Rhonda wò mí títí. "Ẹ sọ ọ́ bí ẹni tó kọ́ ọ sórí."

"Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bú mọ́tò yẹn. Mi ò lè bú u dáadáa kí n má mọ̀ ọ́n."

Kò gbà. Ó ní àwa ọlọ́mọ́tò àtijọ́ ń bo ara wa láṣìírí, pé tí Lavern bá wa mọ́tò náà wọ inú odò, màá ní bí wọ́n ṣe ń wà á nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, pàápàá nítorí pé ó ṣeé ṣe kí n sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Ó dáa. Wà á fúnra ẹ. Bí mo bá purọ́, gba kọ́kọ́rọ́. Bí mi ò bá purọ́, pe Madison, kí wọ́n fi ẹlòmíì sínú yàrá yẹn." Doreen ní ìyẹn bọ́gbọ́n mu. Rhonda gbà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jókòó sẹ́yìn, Lavern jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún bí ẹni tó lọ ya fọ́tò. Rhonda tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ó fa ọ̀pá jíà tó wà lábẹ́ sítíárìn wálẹ̀, ó jọ̀wọ́ ẹsẹ̀ pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Mọ́tò náà kàn dúró, ó ń mí. Nígbà tó tẹ tọ́rótù, ó gbéra bí àgbà tó ń dìde lórí àga, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láìfò.

A jáde sójú títì. Ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

"Gbẹ́sẹ̀," Lavern wí.

"Dádì, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra ni."

"Ó fẹ́ kó o gbẹ́sẹ̀."

"Tí mo bá gbẹ́sẹ̀, ṣé kò ní dúró?"

Kò gbẹ́sẹ̀. A fi jíà kẹta kọjá ilé Doreen àti èmi pẹ̀lú ariwo, Doreen sì jáde sí fàráǹdà láti wo ẹni tó ń kú. Ní oríta, Rhonda tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń pa ejò.

Lavern ní, "Ta ló kọ́ ẹ níyẹn?"

"Ẹ̀yin ni."

"Mo kọ́ ẹ dáadáa. Ìyẹn ni wàhálà ẹ̀."

Ó gbéra lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ́ńjìnnì tún bẹ̀rẹ̀ igbe. Mo rí i nínú dígí, ó ti fún ẹnu pọ̀. Ó gbẹ́sẹ̀ nígbẹ̀yìn, bí ẹni tó jọ̀wọ́ okùn. Gbogbo nǹkan dákẹ́. Táyà ń dún lórí ọ̀dà, ẹyẹ kan ń ké nínú oko àgbàdo. Lẹ́yìn náà ló dún lábẹ́ ilẹ̀ mọ́tò: kọ́ú.

"Ó ti gbà," Rhonda wí kó tó mọ̀ pé òun sọ ọ́, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

Lavern yíjú sí fèrèsé. "Màmá ẹ ò gbà kí n tà á," ó ní. "Ó ní òun fẹ́ràn ẹ̀ torí ó jẹ́ nǹkan kan ṣoṣo láyé tó lè mú mi dúró kí n gbọ́."

A yípo òkè náà lẹ́ẹ̀mejì nítorí Rhonda kò fẹ́ dúró mọ́. Ó ń gbẹ́sẹ̀, ó ń tẹ́tí, ó ń gbórí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan gan-an bí bàbá rẹ̀. Bí dókítà kan bá wà lójú títì ní àárọ̀ yẹn, àwọn méjèèjì ni ì bá kọ oògùn fún.

Nígbà tí a padà dé, ó wa mọ́tò náà sórí gegele tó wà níwájú ilé wàrà àtijọ́ tó wà nínú ọgbà Lavern. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni mọ́tò tirẹ̀ dúró sí, funfun báláú, èyí tó ń mu iná mànàmáná, tí kì í dún rárá. Ó fi De Soto sí jíà, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó pa á, ó sì bọ́ sílẹ̀ kíá, ayọ̀ kún ojú rẹ̀. Èmi náà bọ́ sílẹ̀. Lavern ti lọ sẹ́yìn, ó ń wá igi nínú búùtù. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí igi mú ni mo rí mọ́tò náà tí ó ń kúrò lọ́dọ̀ wa.

Kò yára, ìyẹn ló burú jù nínú rẹ̀, a rí gbogbo rẹ̀. Táyà ń yí jẹ́jẹ́, fáànù ń yí nínú ọ́ìlì, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe fi abọ́ Doreen ṣàlàyé. Rhonda na ọwọ́ sí i bí ẹni tó ń pe ajá. De Soto bọ́ sílẹ̀ lórí gegele náà, ó sì fi imú kan imú mọ́tò funfun. Irin iwájú De Soto kò tilẹ̀ họ. Mọ́tò funfun ya lẹ́nu, iná rẹ̀ méjèèjì fọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké ìrànlọ́wọ́ fúnra rẹ̀.

Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀, mo wí nínú ọkàn mi. Lavern ní mo sọ ọ́ síta.

Ó dúró níbẹ̀ pẹ̀lú igi méjì lọ́wọ́. Ó wo mọ́tò méjèèjì, ó wo igi, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ fi há táyà De Soto bó ṣe yẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tún sí ibi tó lè lọ mọ́.

Rhonda jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé wàrà. Ó rẹ́rìn-ín, ó sọkún, ó tún rẹ́rìn-ín. "Ẹ mú kọ́kọ́rọ́ yín dání, Dádì," ó ní. "Méjèèjì. Màá pe Madison. Mi ò sọ ọ̀rọ̀ yìí mọ́."

Ká má purọ́, inú mi dùn dé góńgó. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo fi ń ròyìn ẹjọ́ tí mo jàre ní ilé epo, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní ilé ìtajà. Ẹni tó bá wá ra ẹyin, ó di dandan kó gbọ́ nípa fáànù méjì inú ọ́ìlì. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn Àdán díẹ̀, mo sì ń ronú pé ó yẹ kí n ti jẹ́ lọ́yà.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, Lavern wá fi ọkọ̀ akẹ́rù tuntun gbé mi lọ jẹ ẹja díndín. Ibi kan náà la ti ń jẹ ẹ́ lọ́jọ́ Jímọ̀ láti ìgbà tí àwọn ìyàwó wa ti wà ní ọmọge, ní ilé oúnjẹ Schatzie lẹ́bàá odò. Doreen ò bá wa lọ, ó ń ṣe jáàmù. Oòrùn ṣì ga. A gun orí títì ńlá, Lavern tẹ tọ́rótù, ọkọ̀ náà fò síwájú láìdún. Lẹ́yìn náà ó gbẹ́sẹ̀ kúrò.

Ó gbórí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Mo kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni, pé ó ń fi Rhonda ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ti ń rẹ́rìn-ín lọ. Ọkọ̀ náà ń falẹ̀. Mo wo ẹ̀yìn, ọkọ̀ ńlá tó ń gbé wàrà ń bọ̀, ó tóbi bí ilé. Lavern ń dúró. Kò sí ohun tó dún, nítorí kò sí ohun tó lè dún. Ọkọ̀ yẹn ti yí jíà rẹ̀ ní ìgbà mẹ́rin tàbí márùn-ún láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

"Ẹ̀gbọ́n," mo wí, "kì í ṣe Àdán nìyí."

"Mo mọ̀."

Kò tẹ tọ́rótù. Ọkọ̀ wàrà fun fèrè, ó yà gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá, afẹ́fẹ́ rẹ̀ mì wá. Awakọ̀ rẹ̀ na ìka kan sí wa, kì í sì í ṣe ìka tí a fi ń kí ara wa lójú títì níbí.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́."

"Kò tíì gbà," ó wí. Ohùn rẹ̀ kéré.

Mo na ẹsẹ̀ mi bí ẹni tí tọ́rótù wà lábẹ́ rẹ̀. Ìgbà tó ṣe, ó mí kanlẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, a sì lọ. A dé ilé Schatzie. Ó dúró sí ibi tó tẹ́ bí tábìlì, ó pa ọkọ̀ náà, ó na ọwọ́ sẹ́yìn àga, ó gbé igi méjì jáde. Mo dúró mo ń wò ó bó ṣe ń fi wọ́n há táyà ọkọ̀ tuntun, níbi tí kò ti nílò igi. Mo mọ̀ nígbà yẹn pé mo ti fi òtítọ́ jàre nínú ẹjọ́ tí kò jẹ́ òtítọ́. Gbogbo ohun tí Rhonda fi ṣe ẹ̀rí ni kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó sọ gan-an, pé orí bàbá rẹ̀ ti ń dàrú, òótọ́ ni.

Wọ́n gbé ẹja dé, pẹ̀lú kábéèjì àti búrẹ́dì dúdú. Lavern gbé kọ́kọ́rọ́ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ mi.

"Fún Rhonda," ó ní.

"Èwo nìyẹn?"

"Ti tuntun."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká jẹun ná."

"Jẹ tìẹ. Mò ń sọ̀rọ̀." Ó nu ọwọ́. "De Soto ń bá mi sọ̀rọ̀, Harlan. Tó bá fẹ́ nǹkan, ó ń ké. Tí mo bá ṣe é, ó ń dá mi lóhùn. Mo mọ ibi tá a dé. Èyí ò sọ nǹkan kan fún mi. Mo máa wà lórí títì, mi ò ní mọ̀ bóyá mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra ni àbí mo ti fẹ́ dé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo bá ara mi ní ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ wàràkàṣì. Wọ́n ti wó ibẹ̀ tipẹ́. Mo jókòó síbẹ̀, mò ń dúró de kí wọ́n ṣí géètì."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ jẹ́ kí n jà fún yín?"

"O ń jà dáadáa," ó ní. "Mi ò fẹ́ dí ẹ lọ́wọ́. Ẹ̀rù sì ń bà mí."

Mo ti ń bá ọkùnrin yìí jiyàn láti ìgbà tí irun mi ṣì dúdú, n kò sì gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. Ẹja mi tutù. Mo tẹ Rhonda láago níbẹ̀, mo gbé fóònù fún un. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ láìfi nǹkan kan pamọ́, títí kan ilé iṣẹ́ wàràkàṣì. Mo gbọ́ ohùn Rhonda nínú fóònù, ó ní, "Ẹ ṣé tẹ́ ẹ sọ fún mi, Dádì." Ó bi í léèrè De Soto. Lavern wò mí lórí abọ́ ẹja.

"Orí òkè wa nìkan ni màá ti máa wà á," ó ní. "Harlan á máa jókòó tì mí."

N kò sọ bẹ́ẹ̀.

"Tí iyọ̀ bá dé ojú títì ńkọ́?" Rhonda bi í.

"Harlan ní mọ́tò."

N kò sọ ìyẹn náà. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ẹnìkan bá ti ń jà fún èèyàn níwájú gbogbo ìlú, kò sí bó ṣe fẹ́ sá mọ́. Rhonda wá gbé ọkọ̀ akẹ́rù náà lọ, ó sì ń fi í lọ síbi iṣẹ́ títí wọ́n fi tún imú mọ́tò tirẹ̀ ṣe. Nínú oṣù Kẹsàn-án, ẹlòmíì wọ yàrá Madison. Lavern wà nílé rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di ẹni tó ń jókòó nínú mọ́tò tí mo ti ń bú, ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn àti ìgbà tí ewé ń pọ́n. Lavern kò ṣìnà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan rí. Mọ́tò yẹn kì í jẹ́ kí èèyàn yára ju ọkàn ara rẹ̀ lọ. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá, ọkọ̀ ìjọba gun òkè wá, ó da iyọ̀. A fi aṣọ bo De Soto nínú gáréèjì, Lavern fi igi méjì há a, ó sì fọwọ́ nu orí mọ́tò náà lẹ́ẹ̀kan.

Ní Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn, mọ́tò Doreen ni mo fi gbé e lọ jẹ ẹja. Ọ̀lẹ mọ́tò, tó ń yí jíà rẹ̀ bí olè. A bọ́ sójú títì ńlá, ilẹ̀ funfun fún iyọ̀. Lavern jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọwọ́ lé orúnkún, ó ti ń dààmú. Ó ń wo ẹsẹ̀ mi, ó ń wo ojú ọ̀nà.

"Gbẹ́sẹ̀," ó wí.

Mo wo dígí. Kò sí ẹnì kankan lẹ́yìn wa. Mo gbẹ́sẹ̀.

Ó gbórí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. A ń lọ jẹ́jẹ́, iyọ̀ ń ta lábẹ́ táyà. Mo dúró, n kò mọ bí màá ṣe dúró pẹ́ tó. Nígbà tó yá, ara rẹ̀ rọ̀ sórí àga.

"Ó ti gbà," Lavern wí.

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n. Mo gbọ́ ọ," mo sì tẹ tọ́rótù.